Ìkíni Tí N Kò Dáhùn ní Oǹdó

Àwọn kan wà ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó tí wọ́n ṣì ń sọ ọ́ kiri pé mo lu ọmọ tó kúnlẹ̀ kí mi. Wọ́n ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń sọ ọ́ níbi òkú ṣíṣe, wọ́n sì máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ tí wọ́n bá ti rí mi tí mò ń bọ̀. Kí wọ́n má wulẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀ mọ́. Òótọ́ ni. Mo lù ú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ròyìn ìjà, kí ó ròyìn bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo ti dàgbà, àwọn tó wà níbẹ̀ náà ti ń dín kù, n kò sì fẹ́ kí ó jẹ́ pé ẹnu ọ̀tá mi nìkan ni ìtàn náà yóò kù sí.

Tíṣà ni mí nígbà náà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin kan ní Àkúrẹ́. Àsìkò náà le. Mílíìkì, ìrẹsì, ọṣẹ ìfọṣọ, gbogbo rẹ̀ di ohun tí à ń tò fún láti ìdájí, ẹni tó bá sì fi ìjàkadì dé iwájú lè bá a pé ọṣẹ ti tán, ó ku mílíìkì agolo tí ìdí rẹ̀ ti wú. Ọkọ mi ti kó lọ sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ kejì ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sí lára ohun tó le. Ohun tó le ni pé ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tíṣà ìgboro lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ oko, wọ́n sì kọ orúkọ mi mọ́ àwọn tí yóò lọ sí Bọ́lọ́rundúró lẹ́yìn ọdún kan àbọ̀.

N kò bá Bọ́lọ́rundúró jà. Iṣu tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀ dára ju èyí tí àwa ń rà lọ. Ṣùgbọ́n ìyá mi wà ní Àkúrẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Èmi ni mò ń gbé e dìde láràárọ̀, èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi nìkan sì ni ọmọ tó kù fún un láyé. Mo ní kí a jọ máa lọ. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kí ó wá bá mi jí adìẹ gbé.

"Ulé bàbá rẹ nìyí," ó wí. Bí àwọn àgbà Àkúrẹ́ ṣe ń pe ilé nìyẹn. "Ẹ̀yìn fèrèsé yẹn ni mo sin ín sí. Ìwọ máa lọ. Ọjọ́ tí o bá wá kí mi, tí o bá mi lórí ẹní níbi tí o fi mí sí, kí o yáa pe àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀."

Mo mọ ìyá mi. Kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Bí kàrátè ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Àwọn jàgùdà ń já báàgì gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa lójú ọ̀nà, àwọn òbí sì pariwo pé kí a kọ́ àwọn ọmọ náà bí wọn yóò ṣe gba ara wọn sílẹ̀. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa gbà. Àwọn òbí kan náà tún padà wá pariwo pé ọkùnrin kankan kò gbọdọ̀ di ọmọ àwọn nídìí mú lórúkọ pé ó ń kọ́ ọ ní ìjà. Ó wá di dandan kí tíṣà obìnrin lọ kọ́ ọ wá. Ọ̀gá wa ní obìnrin tó bá gba bẹ́líìtì aláwọ̀ ewé, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó bá yege ìdánwò kàrátè, òun yóò kọ̀wé pé ilé-ẹ̀kọ́ kò lè ṣe láìsí i, wọn yóò sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn tó ń lọ oko. Ẹnì kan péré ni o. Àwa méjì la sì fi orúkọ sílẹ̀.

Ẹnì kejì, ọ̀tá mi tí mo ń wí, ni tíṣà tó ń kọ́ wọn ní oúnjẹ sísè. Ọmọ Oǹdó ni, ó lẹ́wà, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rin péré ni mo fi jù ú lọ, ṣùgbọ́n "Màmá" ló máa ń pè mí, pàápàá tí ọkùnrin bá wà nítòsí.

"Màmá, ṣé ìbàdí yín á lè gbé e ṣá?" ló bi mí ní yàrá àwọn tíṣà.

"Ìbàdí tó gbé oyún mẹ́rin," mo dá a lóhùn, "bẹ́líìtì kan kò ní ṣẹ́ ẹ."

Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta ni mí nígbà náà.

Ẹni tó ń kọ́ wa jẹ́ akọ̀wé kékeré kan ní ọ́fíìsì ìjọba. Ó ní ẹni tó kọ́ òun l'Ékòó kọ́ ọ lọ́wọ́ ará Japan gan-an. Sẹ́nséì ló ní kí a máa pe òun, bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ lédè Japan. Àkọ́bí mi fi oṣù díẹ̀ péré kéré sí i. Aṣọ funfun la gbọ́dọ̀ wọ̀, ṣùgbọ́n níbo la ó ti rí tẹ́tẹ́rọ́ọ̀nù funfun nínú ọdún yẹn? Àpò ìyẹ̀fun ni a lọ bẹ àwọn oníbúrẹ́dì fún. A fọ̀ ọ́, a sè é, a tún fọ̀ ọ́, òǹtẹ̀ ara rẹ̀ kò lọ tán. Ìdí ṣòkòtò tèmi ni èyí tó kà pé kí a má ṣe fi ìkọ́ gbé ẹrù yìí bọ́ sí. Ọ̀tá mi ni ó kọ́kọ́ kà á. Ó kà á sókè ketekete, bí ẹni tó ń ka ẹ̀kọ́ kejì nínú Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ohun àkọ́kọ́ nínú kàrátè ni títẹríba fún ẹni tó ń kọ́ni. Ọjọ́ kìn-ín-ní pàá ni ìyẹn ti dá wàhálà sílẹ̀. Mo tẹríba fún Sẹ́nséì. Sẹ́nséì rí i pé ẹni tó lè bí òun ló tẹríba fún òun yìí, ẹ̀rù sì bà á, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó di dandan kí n ní, "Pẹ̀lẹ́ o, dìde, wàá dàgbà." Báyìí ni a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta fún ọdún kan àti oṣù méjì. Mo ní kí ó má dọ̀bálẹ̀ mọ́. Ó ní ìyá òun yóò gbọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi dúró. Ya ẹsẹ̀, tẹ orúnkún díẹ̀, kí ìwúwo rẹ wà ní ìsàlẹ̀ ìdodo, kí o sì wà bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ ọ pẹ̀lú wa ń gbọ̀n, wọ́n ń ṣubú. Èmi kò mi. Ta ni yóò ti tíṣà tó ti fi oṣù mẹ́jọ to ìlà mílíìkì? Lórí ìlà yẹn, tí ẹsẹ̀ rẹ bá pa pọ̀, ìyàwó sójà kan yóò fi ìgbọ̀nwọ́ gbá ọ kúrò, o ó sì bá ara rẹ lẹ́yìn ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ. Gbogbo ohun tí ará Japan mọ̀ nípa ìdúró, ìyá kan tó ń gbé ní àdúgbò Ìjọ̀kà ti kọ́ mi lórí ìlà náà nípa fífi ìdí gbá mi lẹ́ẹ̀mejì.

Èémí ni ó tẹ̀lé e. A ní láti fa èémí láti inú ikùn, kí a sì ké nígbà tí a bá ta ẹ̀ṣẹ́, kí ìbẹ̀rù lè mú ọ̀tá. Igbe tí àwọn yòókù ń ké jọ ti ewúrẹ́ tí ilẹ̀kùn há mọ́. Nígbà tó kàn mí, mo fa èémí dé ìsàlẹ̀, mo la ẹnu, ohun tó jáde ni, "Ẹ DÁKẸ́!" Ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo ilé náà dákẹ́. Àwọn méjì jókòó sílẹ̀. Sẹ́nséì fúnra rẹ̀ kó ọwọ́ sẹ́yìn.

Ìkúùkù ló kù, òun ló sì tú àṣírí ọ̀tá mi. A ti sọ fún wa pé àtàǹpàkò kì í wọ inú ìkúùkù, ìta ni ó ń wà, kó tẹ àwọn ìka yòókù. Ṣùgbọ́n ó fi ọ̀dà kun èékánná rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ó họ. Ó fi àtàǹpàkò pamọ́ sínú. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí a lọ ṣe ìdánwò, ó ta ẹ̀ṣẹ́ mọ́ àpò iyanrìn, àtàǹpàkò náà sì yẹ̀. N kò rẹ́rìn-ín. Mo kàn lọ sí ilé ìyàgbẹ́, mo sì pẹ́ níbẹ̀.

Kí n tó dé Oǹdó, ẹ jẹ́ kí n san gbèsè Sẹ́nséì fún un. Ó ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fi ń na ojúgun ẹni tó bá ṣe àṣìṣe. Kò fi kàn mí rí. Bí mo bá ta ẹ̀ṣẹ́ tó yẹ kó lọ sí àyà, tó lọ sí àjà, yóò ní, "Ó dára gan-an, mọ́mì. Ẹ ṣeun, mà." Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà yóò kọ́kọ́ kí mi, n ó dá a lóhùn, a ó wá fi ìka kan ara wa bí ẹni tó ń dán iṣu wò bóyá ó ti jinná. Nínú oṣù mẹ́rìnlá, ẹnì kankan kò lù mí. Mo wá gbà pé mo mọ ìjà. Ọ̀wọ̀ ni ọmọkùnrin náà fi pa mí, kì í ṣe ìkà, ṣùgbọ́n òkú kì í bèèrè ohun tí wọ́n fi pa á.

Ìdánwò náà wà ní gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ kan ní Oǹdó. Ọ̀tá mi ní òun yóò sìn mí lọ. Àtàǹpàkò rẹ̀ wà nínú báńdéèjì, ó sì di móínmóín dání fún mi. Nínú ọkọ̀, ó ní, "Màmá, tí ẹ kò bá yege, ẹ má banú jẹ́. Mo lè ṣe tèmi nígbà tí ọwọ́ mi bá san." N kò jẹ móínmóín náà.

Ará Oǹdó kún ibẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ pé ìyá arúgbó kan ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ wá jà. Olórí ìdánwò jẹ́ bàbá kan tó ti hewú, tó tún jẹ́ àgbà ìjọ níbẹ̀. Ó ní kí n dúró. Mo dúró. Ó fi ẹsẹ̀ gbá mi ní kókósẹ̀ láti yẹ ẹsẹ̀ mi. Ó tún gbá a. Ó fi èjìká tì mí.

"Níbo lẹ ti kọ́ ìdúró yìí, mà?"

"Lórí ìlà mílíìkì, sà."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó dára. Ó ku ìjà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ní àmì méjì ló borí, ẹni tó bá sì pàdánù, bẹ́líìtì di ọdún tó ń bọ̀. Ní ọdún tó ń bọ̀, mo ti wà ní Bọ́lọ́rundúró, ìyá mi sì ti wà lórí ẹní.

Ẹni tí wọ́n mú bá mi jẹ́ ọmọbìnrin bí ọmọ ogún ọdún, ó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Mo rí i pé ó wo ẹ̀gbẹ́ kan, mo wo ibẹ̀, ọ̀tá mi ni ó ń rẹ́rìn-ín sí i. Àbúrò ọkọ ọ̀tá mi ni ọmọ náà, kò sì sọ ọ́ fún mi.

Olórí ìdánwò ní, "Ó yá!"

Ọmọ náà sáré bọ̀, ó dé iwájú mi, ó sì fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà!"

Kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe? Wọ́n tọ́ mi dáadáa. Ọwọ́ mi wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ní, "Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa ni o jí? Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, mà," ó wí, ó sì gbá mi ní ẹ̀ṣẹ́ nínú ikùn láti ibi tó kúnlẹ̀ sí.

"Àmì kan!" ni olórí ìdánwò wí. Mo ní, "Sà, ó kúnlẹ̀ o!" Ó ní kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹni tó kúnlẹ̀ kò gbọdọ̀ jà. Ọ̀tá mi ti ń fi ọwọ́ kan tó sàn lu itan.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ó tún kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìnira, mà!"

Mo ti ronú. Ọgbọ́n ni mo fẹ́ fi mú un. Mo gbé ohùn sókè bí àlùfáà, mo ní, "Ọmọ mi, o kú ilé. Olúwa Ọlọ́run yóò bù kún ọ." Ó di ojú, ó tẹ orí ba, ó ní, "Àmín." Mo ní, "O ò ní ráhùn ọmọ." "Àmín." Mo wá rọra na ọwọ́, mo fi ìkúùkù kan àtàrí rẹ̀, ó dún kó, mo sì bojúwẹ̀yìn wo olórí ìdánwò.

Olórí ìdánwò di ojú. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí àyà. Gbogbo gbọ̀ngàn náà di ojú, láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n sì ń ṣe àmín. Ṣọ́ọ̀ṣì ló tọ́ gbogbo wọn. Kò sí ojú kan tó là nínú ilé náà àfi tèmi.

"Mo lù ú, sà!"

"Nígbà wo?" bàbá náà bi mí, ó ń nu ojú. "Àdúrà la wà. N kò rí i."

"Ó dùn ún! Ẹ bi í!"

Ọmọ náà ní òun rò pé ìgbọ́wọ́lélórí ni.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n ń ròyìn mi fún. A bọ́ sí àárín. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó wò mí lójú, ó ní, "Mo tún kí yín, mà." Gbogbo ilé ń retí èsì. Èsì náà ti dé ẹnu mi. Ahọ́n mi ti gbéra. Mo rántí ìyá mi, bí mo ṣe ń fi apá méjèèjì gbé e láràárọ̀, bó ṣe máa ń ní, "Rọra o, ọmọ, rọra." Mo pa ẹnu mi dé, mo ya ẹsẹ̀, mo sì ta ẹ̀ṣẹ́ sí i láyà. Ó fi ìdí jókòó.

"Hà!" ni gbogbo Oǹdó wí.

Olórí ìdánwò wo ìwé rẹ̀, ó wò mí, ó tún wo ìwé rẹ̀. Nígbà tó pẹ́ ó ní, "Àmì kan." Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ní kó gbé òkú.

Ẹ̀ẹ̀kẹrin kò le rárá. Ọmọ náà dìde, ó kàn ń wò mí, ẹnu rẹ̀ là. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò tíì kí àgbàlagbà kan kí ó má dá a lóhùn. Ó ń ronú ohun tí òun ṣe. Mo lù ú nínú ìrònú náà. Àmì kejì.

Wọ́n so bẹ́líìtì mọ́ mi nídìí, ẹnì kankan kò pàtẹ́wọ́. Ìyá kan nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní, "Ọmọ kí i o! Ọmọ ọlọ́mọ kí i!" Bí mo ṣe ń jáde, wọ́n ń yà fún mi bí ẹni tó gbé ẹbọ lọ́wọ́ — kì í ṣe ọ̀wọ̀.

Wọ́n yọ orúkọ mi kúrò nínú àwọn tó ń lọ oko. Ọ̀tá mi ni wọ́n fi rọ́pò mi, ó sì lo ọdún mẹ́rin ní Bọ́lọ́rundúró. Mo gbọ́ pé ó sanra níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó lọ, ó ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ní àṣálẹ́ ọjọ́ ìdánwò náà, mo dúró ra tòmátì, ó sì ṣáájú mi dé ilé wa, ó ti ròyìn fún ìyá mi. Nígbà tí mo wọlé pẹ̀lú bẹ́líìtì lọ́wọ́, ìyá mi kọ ojú sí ògiri.

"Màmá, n kò lọ mọ́ o! A jọ wà níbí!"

Kò wo bẹ́líìtì náà. Ó ní, "Ọmọ kan kí ọ?"

"Ìjà la wà, màmá."

"Mo ní, ó kí ọ àbí kò kí ọ?"

"Ó kí mi."

"Kí lo fi dá a lóhùn?"

Mo ṣàlàyé pé nítorí rẹ̀ ni, pé kí n lè máa gbé e dìde ni. Ó ní òun kò rán mi. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé ọmọ tí kì í dáhùn ìkíni ni yóò máa gbé òun, kí n jẹ́ kí òun wà nílẹ̀. Ó sì wà nílẹ̀ lóòótọ́. Ó kọ oúnjẹ mi ní alẹ́, ó kọ ọ́ ní àárọ̀. Ó gbà kí n wẹ òun, nítorí ó fẹ́ràn omi gbígbóná, ṣùgbọ́n kò bá mi sọ̀rọ̀. Omi mímu àti bisikíìtì tí aládùúgbò mú wá ló fi wà fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ní ọjọ́ kẹrin, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Oǹdó.

Mo bèèrè títí mo fi rí ṣọ́ọ̀bù tí ọmọ náà ti ń kọ́ṣẹ́. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rọ gbogbo dákẹ́ nígbà tí wọ́n rí mi. Ọmọ náà dìde, kò mọ̀ bóyá kí òun sá ni tàbí kí òun kí mi. Nígbà tó yá, ó kúnlẹ̀. Mo dúró sí òdì kejì ẹ̀rọ ìránṣọ kan. N kì í ṣe òmùgọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà."

"O káre, ọmọ mi," mo ní. "O kú iṣẹ́. Bàbá rẹ ńkọ́? Ìyá rẹ ńkọ́? Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ? Olúwa yóò jẹ́ kí iṣẹ́ yìí mọ́ ọ lọ́wọ́. Dìde."

Ó dìde. Mo bi í ta ló ní kó máa kúnlẹ̀ nínú ìjà.

"Àǹtí ni, mà. Wọ́n ní ẹ fẹ́ràn kí wọ́n máa kí yín dáadáa."

"Ẹ̀ṣẹ́ yẹn ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn tèmi ni, mà. Ìjà ṣáà la wà."

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo padà dé. Ìyá mi wà ní ibi tí mo fi í sí, ó kọ ojú sí ẹnu ọ̀nà.

"O rí i?"

"Mo rí i."

"O dá a lóhùn?"

"Mo dá a lóhùn. Mo bèèrè ìyá, mo bèèrè bàbá."

"O dúró títí ó fi dìde?"

"Mo dúró."

Ó ní kí n gbé òun jókòó. Ó ní kí n bu ọbẹ̀ mi wá, kí òun wò ó bóyá iyọ̀ tó o, nítorí òun mọ̀ pé kò lè tó.